Bàálù Kì Í Dúró ní Ìkirè: Kí Ló Mú Kí Ìbàdàn Jìnnà sí Àkúrẹ́?

Bí wọ́n bá fa okùn tààrà láti pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn ní Alákìá títí dé pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́, okùn náà kò ní ju nǹkan bíi kìlómítà 146 lọ. Bàálù tó ní abẹ̀bẹ̀ níwájú apá, irú ATR 72 tí wọ́n máa ń lò fún ìrìnàjò kúkúrú, ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 500 ní wákàtí kan tó bá ti gòkè tán. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ìṣẹ́jú 18 ni. Tí wọ́n bá fi ìgbéra, ìgòkè àti ìbalẹ̀ kún un, ìṣẹ́jú 35 ti tó o ṣe.

Ìṣẹ́jú 35! Lọ́jọ́ tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá wà, ẹni tó wọ mọ́tò ní Ìwó Róòdù lè máà tíì kọjá Ẹgbẹ́dá láàrin àkókò yẹn.

Kí ló wá dé tí oníṣòwò tó ń lọ ná Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, aláìsàn tí wọ́n darí láti Oǹdó wá sí UCH, àti akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tí ilé wọn wà n'Íbàdàn ṣì ń fi ìdajì ọjọ́ jókòó sínú bọ́ọ̀sì? Ṣé bàálù ni wọn ò ní ni, àbí nǹkan mìíràn ló ń dùn wọ́n?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti olówó nìkan. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìpínlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ló ń kọ́ pápákọ̀ òfurufú, tàbí tó ń tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe, tàbí tó ń ṣèlérí ọ̀kan. Owó ìlú ni wọ́n ń ná sí i. Ó wá yẹ kí ará ìlú mọ ohun tí bàálù lè ṣe fún un, àti ohun tí kò lè ṣe.

Ojú ọ̀run wà, ẹyẹ ló kù

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara. Láàrin Ìbàdàn àti Àkúrẹ́, ojú ọ̀run wà lóòótọ́, ẹyẹ ló kù. Àwọn bàálù tó máa ń gbé èrò déédéé láti pápákọ̀ méjèèjì, Èkó tàbí Àbújá ni wọ́n kọjú sí. Wọn kò kọjú síra wọn.

Ẹni tó bá yarí pé bàálù lòun máa wọ̀ láti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́, àfi kó gba ibòmíràn yí ká. Tó bá gba Èkó, yóò kọ́kọ́ padà sẹ́yìn ní nǹkan bíi kìlómítà 113, kó tó tún fò ní 231 láti Èkó lọ sí Àkúrẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 344, ó ju ìlọ́po méjì ọ̀nà tààrà lọ. Tó bá gba Àbújá, yóò fò ní 405 lọ, yóò sì tún fò ní 291 bọ̀. Àpapọ̀ ìyẹn jẹ́ 696, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún.

Kó tó parí gbogbo ìyípo yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ti lè jẹ iyán tán ní Àkúrẹ́, kó sì ti máa múra àtipadà.

Ìṣẹ́jú 35 tó di wákàtí mẹ́ta

Ká tiẹ̀ gbà pé ilé iṣẹ́ kan gbé bàálù tààrà síbẹ̀ lọ́la. Ká mú ẹni tó ń gbé Mókọ́lá, tó fẹ́ dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́.

Láti Mókọ́lá sí Alákìá, pẹ̀lú gbogbo ìdíwọ́ tó wà nígboro, ìṣẹ́jú 45 kì í ṣe àsọdùn. Ó gbọ́dọ̀ dé pápákọ̀, ó kéré tán, ní wákàtí kan ṣáájú: wọ́n á yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, wọ́n á wọn ẹrù, ẹ̀ṣọ́ á yẹ ara àti báàgì wò, yóò wá jókòó títí wọ́n á fi pè é. Ìṣẹ́jú 35 ni wọ́n máa lò nínú òfurufú. Ká fún un ní ìṣẹ́jú 20 láti sọ̀kalẹ̀ kó sì gba ẹrù rẹ̀. Lẹ́yìn náà, pápákọ̀ Àkúrẹ́ wà lódìkejì ìlú, lápá ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Ẹni tó ti Ìbàdàn wá yóò fò kọjá ìlú tó ń lọ, yóò tún wá ọkọ̀ tó máa gbé e padà wọ ìgboro. Ìṣẹ́jú 30 mìíràn nìyẹn.

Ẹ rò ó pọ̀: wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 10. Nínú gbogbo rẹ̀, ìṣẹ́jú 35 péré ni bàálù jẹ. Ìṣẹ́jú 155 tó kù, ilẹ̀ ló jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀nà mọ́tò. Láti Ìbàdàn, kí wọ́n gba Ìkirè, Gbọ̀ngán, Ifẹ̀, Iléṣà, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Igbárá-Òkè títí wọ Àkúrẹ́, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 200. Tí ọ̀nà yẹn bá dán, tí awakọ̀ sì ń sá 80 ní wákàtí kan, láìsí àsápajúdé, wákàtí méjì ààbọ̀ ni. Kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 30 kún un fún wàhálà ìgboro níbí àti lọ́hùn-ún, wákàtí mẹ́ta ni.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Bọ́ọ̀sì tó rìn lórí ọ̀nà tó dára àti bàálù tó fò tààrà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dé ni. Alákìá fúnra rẹ̀ wà lápá ibi tí wọ́n ń gbà jáde n'Íbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò Àkúrẹ́ ná. Láàrin ìgbà tó fi jókòó de bàálù, mọ́tò tó jáde nígbà kan náà ti lè wọ Ìkirè.

Nítorí náà, Àkúrẹ́ kò jìnnà. Ọ̀nà tó wà láàrin ló sọ ọ́ di ibi tó jìnnà.

Ìdí tí ilé iṣẹ́ bàálù kò fi sáré síbẹ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ilé iṣẹ́ bàálù ló kórìíra àwọn ìlú kékeré. Ọ̀rọ̀ owó ni, kì í ṣe ìkórìíra.

Ìgbà tí bàálù bá ń gbéra tó sì ń gòkè ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ jù lọ, ìgbà yẹn náà ló ń mu epo jù. Nínú ìrìnàjò jíjìn, yóò gòkè tán, yóò sì wá máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n láàrin Ìbàdàn àti Àkúrẹ́, bó ṣe ń gòkè tán ni yóò ti máa múra àtisọ̀kalẹ̀. Epo tó mu fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan yóò wọ́n ju ti ọ̀nà jíjìn lọ.

Èyí nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara bàálù ni wọn kì í fi wákàtí nìkan wọn ọjọ́ orí wọn. Iye ìgbà tó gbéra tó sì balẹ̀ ni wọ́n máa ń kà. Bàálù tó fò lọ sí Àkúrẹ́ fún ìṣẹ́jú 35 ti ná ìgbéra kan àti ìbalẹ̀ kan, gẹ́gẹ́ bí èyí tó fò ju wákàtí kan lọ láti Èkó sí Àbújá ṣe ná an. Iye tí ẹni tó ń lọ sí Àbújá lè san fún tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń lọ sí Àkúrẹ́ kò ní san án nígbà tí bọ́ọ̀sì wà ní gáréèjì.

ATR 72 ń gba nǹkan bíi èèyàn 70. Kó tó lè mówó wọlé, ó gbọ́dọ̀ rí èrò tó pọ̀ ní àlọ, kó sì tún rí wọn ní àbọ̀, lójoojúmọ́. Tó bá kún lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì, tó wá gbé àga òfìfo kiri láàrin ọ̀sẹ̀, gbèsè ni.

Ẹ tún wá fi ojú ọjọ́ kún un. Láti bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, ọyẹ́ máa ń mú kí ojú ọ̀run ṣókùnkùn débi pé awakọ̀ òfurufú kò ní rí ibi tó fẹ́ balẹ̀ sí dáadáa. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ kéékèèké ní Nàìjíríà ni kì í sì í ṣiṣẹ́ kọjá ìrọ̀lẹ́. Bí bàálù àárọ̀ bá pẹ́, ti ọ̀sán náà yóò pẹ́, ti ìrọ̀lẹ́ lè má fò rárá. Òfin àjọ NCAA tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú sọ pé tí bàálù abẹ́lé bá pẹ́ jù, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún èrò ní ìpanu, tó bá sì tún pẹ́ sí i, èrò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó rẹ̀ padà. Ó dára kí èèyàn mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ lọ sí Àkúrẹ́ tó lo wákàtí mẹ́ta ní Alákìá, ì bá ti dé.

Ibi tí bàálù ti borí

Kì í ṣe pé bàálù kò wúlò. Ibi tó ti wúlò ló yẹ kí wọ́n mọ̀.

Ìṣẹ́jú 155 tí bàálù ń jẹ nílẹ̀ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ìbáà jẹ́ Àkúrẹ́ ni èèyàn ń lọ, ìbáà jẹ́ Àbújá. Ohun tó ń yí padà ni wákàtí mọ́tò. Láti Ìbàdàn sí Àbújá, nǹkan bíi wákàtí kan ni bàálù fi ń fò. Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà, tó gba Lọ́kọ́ja, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbogbo ọjọ́ rìn ín, pẹ̀lú ẹ̀rù àwọn ajínigbé lọ́kàn. Níbẹ̀, bàálù borí láìsí àríyànjiyàn. Bákan náà ni láti Àkúrẹ́ sí Àbújá, tí bàálù kì í lò tó wákàtí kan nínú òfurufú.

Ìrìnàjò kúkúrú náà máa ń wúlò níbi tí kò bá sí ọ̀nà ilẹ̀. Ní àríwá Scotland, bàálù kékeré kan wà tó ń fò láàrin erékùṣù Westray àti Papa Westray. Kò tó kìlómítà mẹ́ta, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Òun ni wọ́n ń pè ní ìrìnàjò bàálù déédéé tó kúrú jù lọ láyé. Kò sẹ́ni tó ń bú wọn, nítorí omi òkun ló wà láàrin. Ní ilẹ̀ Faransé ẹ̀wẹ̀, ní ọdún 2023, ìjọba fòfin de àwọn bàálù abẹ́lé kan tí ọkọ̀ ojú irin lè rìn ọ̀nà wọn láàrin wákàtí méjì ààbọ̀. Ojú irin wọn dára, wọ́n wá ní kí àwọn èèyàn lọ wọ̀ ọ́.

Láàrin Ìbàdàn àti Àkúrẹ́, kò sí òkun. Kò sí ọkọ̀ ojú irin náà. Ojú irin àtijọ́ tó ti Èkó wá gba Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sókè ọya. Kò yà sí Oǹdó, kò yà sí Èkìtì. Èyí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ń gbé èrò ní kìlómítà 157 láti Èkó dé Mọníyà, Ìbàdàn ló sì ń pin sí. Ẹni tó ń lọ sí Àkúrẹ́ kò ní ju ọ̀nà mọ́tò yẹn lọ.

Ìpínlẹ̀ mẹ́fà, pápákọ̀ mélòó?

Láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Ìbàdàn ni olú ìlú, gbogbo ọ̀nà ló sì kọjú síbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1976, wọ́n pín in sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó, Àkúrẹ́ sì di olú ìlú. Ní 1991, wọ́n yọ Ọ̀ṣun nínú Ọ̀yọ́. Ní 1996, wọ́n yọ Èkìtì nínú Oǹdó. Láti ìgbà náà ni olú ìlú kọ̀ọ̀kan ti ń wo Àbújá, níbi tí owó oṣooṣù ti ń wá, ju bó ṣe ń wo aládùúgbò rẹ̀ lọ.

Bí pápákọ̀ ṣe pọ̀ tó lónìí fi èyí hàn. Ògùn ti kọ́ tirẹ̀ sí àárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ, ibi tí kò tó 100 kìlómítà sí Alákìá, tí kò sì jìnnà sí Ìkẹjà náà. Èkìtì kọ́ tirẹ̀ sí Adó, ìlú tí mọ́tò lè ti ibẹ̀ dé Àkúrẹ́ láàrin wákàtí kan tí ọ̀nà bá dára. Ọ̀ṣun ní ti Ìdó-Ọ̀ṣun, tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìjọba dé ìjọba tí kò tíì parí. Ní 2025, Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti sọ ti Ìbàdàn di pápákọ̀ àgbáyé.

Àwọn gómìnà ní ìdí tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní olùdókòwò kì í wá síbi tí kò ní pápákọ̀. Wọ́n ní ó máa gbé irè oko jáde. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹja, ewébẹ̀ àti èso tó ń tètè bàjẹ́ lè wọ bàálù tí ilé òtútù bá wà, tí àwọn tó fẹ́ rà á lókè òkun sì ti wà. Ṣùgbọ́n kòkó, irè tí wọ́n fi mọ Oǹdó jù, kì í wọ bàálù. Ó wúwo, kì í sì í tètè bàjẹ́. Tírélà ló ń gbé e dé èbúté Èkó, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e lọ. Ohun tí àgbẹ̀ kòkó nílò ni ọ̀nà tí tírélà kò ní dojú dé sí.

Àwọn tó wà láàrin

Nǹkan kan wà tí ìṣirò bàálù kì í kà mọ́ ọn: àwọn tí kò gbé Ìbàdàn, tí wọn kò sì gbé Àkúrẹ́.

Bàálù kì í dúró ní Ìkirè. Kì í dúró ní Gbọ̀ngán, kì í dúró ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Fásitì ńlá OAU àti ilé ìwòsàn rẹ̀ wà ní Ifẹ̀, lójú ọ̀nà yẹn gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ti Àkúrẹ́ wá, aláìsàn tí wọ́n gbé wá láti Iléṣà, pápákọ̀ mẹ́wàá ní Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìyá tó ń ta dòdò Ìkirè létí títì, mọ́tò tó dúró ló ń fún un lówó. Bàálù tó kọjá lókè orí rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọ̀nà tí kòtò bá wà lójú rẹ̀ ń mú kí mọ́tò rọra rìn, ibi tí mọ́tò bá sì ti ń rọra rìn ni àwọn ọ̀daràn ti ń rí àyè. Láti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, mọ́tò tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń pín títì kan ni. Tírélà kan bàjẹ́, gbogbo èèyàn dúró. Aláìsàn tó wà nínú ọkọ̀ ilé ìwòsàn náà dúró.

Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni. Ìyẹn ni ìdáhùn tí ará ìlú máa ń gbọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá béèrè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, nígbà tí ààbò ojú ọ̀nà àti oko di ìṣòro, gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa ohùn pọ̀, wọ́n ṣí Àmọ̀tẹ́kùn n'Íbàdàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ààbò. Ohùn kan yẹn náà ni wọ́n lè fi béèrè ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ sí Iléṣà sí Àkúrẹ́, kí wọ́n sì máa béèrè títí iṣẹ́ yóò fi parí, kì í ṣe títí wọn yóò fi ya àwòrán ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan.

Ohun tó yẹ kí ará ìlú béèrè

Ọdún ìdìbò kì í jìnnà, ìlérí pápákọ̀ sì máa ń dùn létí. Nígbà tí olóṣèlú bá tún gbé ọ̀kan wá, ìbéèrè mẹ́ta péré ló tó.

Àkọ́kọ́: èrò mélòó ló ń wọ bàálù ní èyí tó wà nílẹ̀ lójoojúmọ́, ibo sì ni wọ́n ń lọ? Bí ó bá jẹ́ Àbújá ni gbogbo wọn ń lọ, kí ló dé tí ìpínlẹ̀ méjì tó múlé gbe ara wọn kò lè jọ lo ẹyọ kan?

Èkejì: wákàtí mélòó ni èèyàn máa lò láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ibi tó ń lọ? Kí wọ́n má sọ ìṣẹ́jú tó máa lò nínú òfurufú nìkan. Ìṣẹ́jú 35 dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ̀kẹta: kìlómítà ọ̀nà mélòó ni owó yẹn ì bá ṣe?

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀: kí bàálù máa gbé ẹni tó ń lọ sí Àbújá, kí ojú irin dé ibi tí kò tíì dé, kí bọ́ọ̀sì sì máa sáré lórí títì tó dán láàrin Ìbàdàn àti Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà tí títì yẹn yóò fi dára, kìlómítà 146 yóò ṣì máa jẹ́ ìrìnàjò ìdajì ọjọ́ fún ẹni tí kò lè fò. Ẹni tí kò lè fò ló sì pọ̀ jù.